Ìwé Atukọ̀ Ń Bẹ Nílé, Òkun Ń Bẹ Lókèèrè

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi lóṣù yìí tí ọ̀rọ̀ inú wọn bá ara wọn mu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn rí. Nítorí náà ni mo ṣe fi gbogbo ojú ewé wa sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun, fún ìwé tí àwọn atukọ̀ kọ, àti fún ìrìnàjò tí ènìyàn fẹ́ lọ tí kò lọ.

Lẹ́tà kìn-ín-ní

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo ti pé ọdún 67, Abẹ́òkúta ni mo sì ń gbé. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta ní girama ni ọ̀gá wa kan yá mi ní ìwé Joshua Slocum, ọkùnrin tí òun nìkan wà nínú ọkọ̀ onígbòkun tí ó sì fi yí gbogbo ayé ká. Láti ọjọ́ náà ni òkun ti gba ọkàn mi. Lónìí, ìwé mẹ́tàlélógójì ni mo ní lórí ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀. Mo mọ orúkọ gbogbo okùn tó wà lára ọkọ̀ onígbòkun, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì kan ọ̀kan rí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá fẹ̀yìntì, n ó ra ọkọ̀ kékeré, n ó kọ́ bí a ṣe ń tù ú, n ó sì lọ. Owó ìfẹ̀yìntì dé, òrùlé ilé àti owó ilé ìwé àbígbẹ̀yìn ni ó bá lọ. Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó mi ní kí n kó àwọn ìwé náà fún àwọn tó ń fi bébà pọ́n ẹ̀pà, kí àyè lè gbà wá nínú yàrá. Mo dìde, mo jáde síta, omi sì bọ́ lójú mi, èmi àgbàlagbà. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi? Bí ó bá sì ti pẹ́, ṣé kì í ṣe pé mo fi àádọ́ta ọdún ka ìwé lásán?

*Olùkọ́ àtijọ́, Abẹ́òkúta*

Èsì

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wá. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú kálámù, nítorí ohun tí ó bá lè pa àgbàlagbà lẹ́kún kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyè inú yàrá.

Èyí tó le jù nínú ìbéèrè yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Bí a bá ń sọ ti ọjọ́ orí nìkan, kò tíì pẹ́. Slocum tí ẹ dárúkọ ti pé ọdún 51 nígbà tí ó ṣí kúrò ní Boston ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 1895. Francis Chichester, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà dá tukọ̀ yí ayé ká, ojú òkun ni ó ti pé ọdún 65. Bill Pinkney, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí Chicago, ti pé ọdún 54 kí ó tó gbéra ní 1990 láti dá tukọ̀ yí ayé ká gba ìsàlẹ̀ ayé kọjá, ọdún 1992 ni ó sì padà dé Boston. Obìnrin kan tún wà, Jeanne Socrates, olùkọ́ ìṣirò bíi tiyín, ẹni ọdún 77 ni nígbà tí ó parí ìrìnàjò yí-ayé-ká láìyà sí èbúté kankan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn wọ̀nyí ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ. Láti kékeré ni Slocum ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá atukọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gun Spray, ọkọ̀ tí ó fi yí ayé ká. Socrates kò tètè bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀ lórí omi nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ fi orí sọlẹ̀ ní etíkun Mexico ní ọdún 2008, nígbà tí ó ku nǹkan bí ọgọ́ta máìlì péré kí ó yí ayé ká tán. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó wá òmíràn, ó sì tún lọ. Ohun tó ya àwọn àti ẹ̀yin sọ́tọ̀, Bàbá, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí ọwọ́ wọn ti pẹ́ tó lára okùn ni. N kò ní tàn yín: n kò rò pé ẹ ó dá tukọ̀ yí ayé ká mọ́, n kò sì ní fẹ́ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ọgbọ́n àwọn tó ń gbé etí omi ni wọ́n fi sọ pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ní ti pé ẹ ka ìwé lásán, níbẹ̀ ni èmi àti ẹ̀yin kò ti ní fohùn ṣọ̀kan. Ẹ rántí ibi tí Slocum ti ń ti erékùṣù Thursday, ní òkè Australia, lọ sí àwọn erékùṣù Keeling Cocos nínú òkun Íńdíà. Ọjọ́ 23 ni ó fi rin máìlì 2,700, ṣùgbọ́n gbogbo àsìkò tí òun fúnra rẹ̀ fi di ìtọ́kọ̀ mú kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, nítorí Spray mọ bí a ti ń darí ara ẹni bí wọ́n bá ti so ìtọ́kọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí ni ó wá ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́? Ó ń se oúnjẹ, ó ń rán aṣọ rẹ̀ tó ya, ó sì ń kàwé. Ẹni tí ẹ ti ń wò láti ọmọdé pé ó lọ síbi tí ẹ kò lọ, nígbà tí ó dé àárín agbami tán, ìwé ni ó jókòó tì bí ẹ ti ń jókòó tì í ní Abẹ́òkúta.

Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ padà kà. Aago tí Slocum mú lọ, aago páànù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni, dọ́là kan ni wọ́n tà á fún un. Nígbà tí ó yá, ọwọ́ tó ń sọ ìṣẹ́jú já kúrò lára rẹ̀, Slocum bá bọ aago náà bí ẹni bọ ẹyin, aago sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wákàtí. Ohun tó ní lọ́wọ́ fún ìṣirò òkun nìyẹn. Nígbà tí ó sún mọ́ àwọn erékùṣù Marquesas, lẹ́yìn ọjọ́ 43 tí kò ti fojú kan ilẹ̀, ó wo òṣùpá, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ìdáhùn náà sì jìnnà pátápátá sí ibi tí ó mọ̀ pé òun wà. Kò dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó padà sínú ìwé tábìlì lọ́gì, ó ń tọ iye kọ̀ọ̀kan wò, ó sì rí i pé inú tábìlì gan-an ni àṣìṣe wà. Ó tún un ṣe, ìdáhùn bọ́ sípò, ilẹ̀ sì yọ níwájú bí ó ti ṣírò rẹ̀. Bàbá, ẹni mélòó ni ẹ rò pé ó ka ojú ewé yẹn tí ó sì yé bí ó ti yé ẹ̀yin tí ẹ fi irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Àwọn yòókù ń fo ibẹ̀ kọjá láti wá ibi tí ìjì wà. Ẹ̀yin dúró níbẹ̀, ó dá mi lójú.

Bí ẹ bá sì ní ìwé tó sọ ìtàn ìdíje ọdún 1968 sí 1969, èyí tí ìwé ìròyìn Sunday Times gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè dá tukọ̀ yí ayé ká láìyà síbì kankan, ẹ tún un kà pẹ̀lú ojú ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Robin Knox-Johnston nìkan ló parí rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 312 nínú ọkọ̀ tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 32 lọ. Bernard Moitessier, tí ó sọ ọkọ̀ tirẹ̀ ní Joshua nítorí Slocum, kọ̀ láti padà sílé, ó kọjá lọ sí Tahiti, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Donald Crowhurst ni ti tirẹ̀ ń dùn mí jù. Ó ti jẹ gbèsè lórí ọkọ̀ rẹ̀, kò lè padà sílé, ọkọ̀ náà kò sì lágbára òkun ìsàlẹ̀ ayé, ni ó bá ń rìn káàkiri nínú òkun Àtìláńtíìkì, tí ó ń fi rédíò purọ́ pé òun ti dé ibi tí òun kò dé. Oṣù keje 1969 ni wọ́n rí ọkọ̀ náà lófìfo lórí omi. Ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin ni ó fi sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ní àlá bíi tiyín gẹ́lẹ́, ó sì lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo ẹni tó lọ ni ó jèrè, tàbí pé ojo ni ẹni tó dúró fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kan òrùlé, tó sì rán ọmọ níwèé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá àwọn ọmọ. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi: láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ìrìnàjò kan tí kò sí ìjókòó tiwọn nínú rẹ̀. Slocum náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí nílé. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá tí òun àti ẹbí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ fi orí sọlẹ̀ tí ó sì fọ́ ní etíkun Brazil, ó kan ọkọ̀ kékeré kan tí yóò gbé wọn padà sí Amẹ́ríkà, Hettie ìyàwó rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ìgbòkun rẹ̀. Ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, ọdún 1888 ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà sómi, ọjọ́ náà gan-an tí òfin dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Brazil, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Liberdade, èyí tí í ṣe òmìnira. Lẹ́yìn ìrìnàjò yẹn, Hettie ní òkun ti tó òun, nígbà tí Spray sì ń lọ, kò bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin kò tíì bi ìyá bóyá àwọn náà fẹ́ rí omi. Ẹ bi wọ́n.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ jọ wá sí Èkó lọ́jọ́ kan tí ojú ọjọ́ dára. Mi ò sọ pé kí ẹ wá wo òkun láti etí Bar Beach àtijọ́. Mo ní kí ẹ wọ inú ọkọ̀ onígbòkun. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo bá apẹja Ẹ̀gùn kan wọ ọ̀sà, nínú ọkọ̀ pákó tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n rán pọ̀, tí èèyàn ṣì lè ka orúkọ ilé iṣẹ́ lára wọn ní ìdoríkodò. Ó fi okùn lé mi lọ́wọ́ kò sì sọ nǹkan kan. Bí afẹ́fẹ́ ti dé, okùn náà le gbandi, ó fa apá mi dé èjìká, ọkọ̀ dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Baba náà kígbe pé kí n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo dẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ nà ró, a sì ń lọ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sílé tí mo ṣí ìwé Slocum, gbogbo ibi tí ó ti sọ pé òun dẹ okùn, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi kà á. Ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club náà wà, láti ọdún 1932 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣeré lórí omi Èkó. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn bí àlejò ṣe lè bá wọn jáde. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó o. Slocum kò mọ omi wẹ̀ rárá, ní ọdún 1908 tàbí 1909 ni ó sì ṣí lọ nígbà ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Àwọn ìwé náà, ẹ má fi wọ́n pọ́n ẹ̀pà. Ẹ yọ mẹ́wàá síta fún ìyá kí àyè gbà wọ́n, kí ẹ sì fi yòókù síbi tí ọwọ́ yín yóò ti máa tó wọn.

Lẹ́tà kejì

Ẹ̀yin àgbà mi, mo júbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgbádárìgì, ọmọ ọdún 19. Ìwé kan ṣoṣo ni mo ní lórí títukọ̀ yí ayé ká, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya dànù. Mo wo máàpù inú rẹ̀, mo rí i pé ìlà tó ń fi ọ̀nà ọkọ̀ hàn kò sún mọ́ etíkun wa rárá, ó gba òdìkejì òkun lọ ni. Kí ló dé tí wọn kì í yà sọ́dọ̀ wa? Ṣé òkun tiwa kò dára ni?

*Ọmọ etíkun, Àgbádárìgì*

Èsì

Ìbéèrè rẹ dára púpọ̀. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè kọjú sí afẹ́fẹ́ tààrà, àfi kí ó máa rìn ní wọ́kuwọ̀ku, sọ́tùn-ún sósì, kí ó tó lè tẹ̀ síwájú. Ní etíkun tiwa, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà ń wá, omi òkun náà sì ń ṣàn lọ sí apá Cameroon. Wíwọlé rọrùn, jíjáde padà sí ìwọ̀-oòrùn ni iṣẹ́. Ní òde díẹ̀, nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì, àgbègbè kan tún wà tí afẹ́fẹ́ ti máa ń kú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí òjò òjijì yóò sì máa dá lé ọkọ̀ tó dúró sójú kan. Slocum náà, nígbà tí ó kúrò ní Gibraltar, Pernambuco ní Brazil ni ó gbà lọ, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà sílẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn.

Afẹ́fẹ́ mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ tí ó máa ń ti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́, tí ó sì ń ti ọkọ̀ lọ sí Brazil. Ní ọdún 1984, Amyr Klink, ọmọ Brazil, fi àjẹ̀ nìkan wa ọkọ̀ kékeré láti Lüderitz ní Namibia dé Bàhíà ní Brazil, ọjọ́ 100 ni ó fi ṣe é, afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi yìí ló bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ Àgbádárìgì kò lè gbọ́ èyí kí o má rántí ohun mìíràn. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ ẹrú tó kúrò ní Èkó àti ní Ouidah ń lọ wá ní ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó kọ orí sí Bàhíà. Àjàyí Crowther wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1822 kí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà ní 1837. Lára àwọn ìtàn òkun tó pẹ́ jù lọ láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni, mo sì fẹ́ kí o wá a kà mọ́ ìwé rẹ tó ya yẹn, nítorí ẹni tó ń wù láti lọ àti ẹni tí wọ́n fi tipá gbé lọ, òkun kan náà ni wọ́n kọ ìtàn rẹ̀. Bill Pinkney tí mo dárúkọ lókè mọ èyí. Lẹ́yìn tí ó yí ayé ká tán, ó kó àwọn olùkọ́ láti Amẹ́ríkà sínú ọkọ̀ láti tọ ipa ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ẹrú wá sí Áfíríkà.

Kọ́ omi wẹ̀ nísinsìnyí. Lẹ́yìn náà, wá àwọn apẹja tó ń fi ìgbòkun tukọ̀ lórí ọ̀sà ìlú rẹ, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ ọ.

Lẹ́tà kẹta

Olóòtú, ẹ kú àìmójú-kúrò. Bàbá mi wọ ọkọ̀ Aureol láti Èkó lọ sí Liverpool ní ọdún 1962, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn yóò tún la òkun kọjá lọ́jọ́ kan, nínú ọkọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń tù. Wọn kò lọ. Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọdún tó kọjá, wọ́n sì fi àpótí ìwé atukọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ nínú ilé mi níbí. Bí mo bá ń wò wọ́n, ó ń ṣe mí bíi pé ìbànújẹ́ wọn ni mo jogún. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe?

*Ọmọ Bàbá, London*

Èsì

Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run yóò tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí ẹ gbọ́. Ní ọdún 1896, Slocum gúnlẹ̀ sí Apia ní erékùṣù Samoa, níbi tí Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé kí ó tó kú ní ọdún 1894. Fanny, opó rẹ̀, wá kí i nínú Spray. Ó kó ìwé ìtọ́sọ́nà òkun fún un láti inú ìwé ọkọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú wọn pé léraléra ni ọkọ òun kà wọ́n, àti pé inú rẹ̀ yóò dùn kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ irú atukọ̀ tí ó fẹ́ràn jù.

Kí ẹ tó kó wọn jáde, ẹ jókòó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Bàbá bá fi pẹ́ńsù sàmì sí ibì kankan, ẹ fi èyí tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù pa mọ́ fún ara yín. Nípa yòókù, ẹ wo lẹ́tà kejì lókè yìí, ti ọmọ Àgbádárìgì tí ìwé kan ṣoṣo tó ní ti ya. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sì kọ orúkọ Bàbá sí iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dì wọ́n.